Ìdàpọ̀ ẹyin àti àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwo gíláàsì

Ìdàpọ̀ ẹyin àti àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwo gíláàsì, tí àwọn onímọ̀ máa ń pè ní IVF ẹlẹ́dẹ̀, jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń mú kí àtọ̀ akọ ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú ẹyin abo ẹlẹ́dẹ̀ ní òde ara ẹran, nínú àwo kékeré ní yàrá ìwádìí, kí a tó gbé ọlẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde lọ sínú ilé-ọmọ abo mìíràn tí yóò bí i. Láti ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ dájú pé ó ṣeé ṣe, síbẹ̀ ó ṣì wà lára èyí tó ṣòro jù lọ láàárín àwọn ẹran ọ̀sìn. Ìdí pàtàkì ni pé nínú àwo, sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó ń wọ inú ẹyin kan máa ń ju ẹyọ kan lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ọlẹ̀ tó bá sì ti irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde kì í sábà di ọmọ. Púpọ̀ nínú àtúnṣe tó ti bá iṣẹ́ yìí láti ìgbà náà ló dá lórí bí a ṣe lè borí ìṣòro kan yìí.

Èdè Yorùbá lo ọ̀rọ̀ kan náà, ẹyin, fún èyí tí adìyẹ ń yé àti èyí tó wà nínú ara àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kò ní èèpo, a kò sì lè fi ojú lásán rí i dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máíkírómítà 120, ìyẹn ni pé mẹ́jọ nínú rẹ̀ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà kan. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ máa ń dúdú nítorí ọ̀rá tó kún inú rẹ̀. Ọ̀rá yìí kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọrùn, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìsìn ẹlẹ́dẹ̀ lè béèrè pé kí ni a fẹ́ fi irú wàhálà yìí ṣe. Oyún abo ẹlẹ́dẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 114 lọ, ó sì lè bí ọmọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò dà bíi màlúù tó ń gbé oyún fún oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó bí ọmọ kan. Ìbéèrè náà tọ̀nà, òun ló sì fà á tí IVF fi di òwò ńlá nínú ìsìn màlúù, tí wọ́n ń ṣe ọlẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú àwo lọ́dọọdún káàkiri ayé, nígbà tí ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí.

Ṣùgbọ́n ara ẹlẹ́dẹ̀ sún mọ́ ti ènìyàn ní ọ̀nà púpọ̀. Ọkàn rẹ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba ní ìtóbi. Ẹni tó bá fẹ́ yí jíìnì ẹlẹ́dẹ̀ padà, yálà kí àrùn kan má lè mú un tàbí kí ẹ̀yà ara rẹ̀ lè bá ara ènìyàn mu, ní láti rí ẹyin tó gbó dáadáa àti ọlẹ̀ tó pọ̀ níye. Yàrá ìwádìí ni ó ti lè rí wọn láìpa abo púpọ̀ nítorí wọn.

Ìdí kejì ni ìpamọ́ àwọn ìran ẹlẹ́dẹ̀ tó ń parẹ́ lọ. Àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò ní ìwòsàn. Ó ti wọ Nàìjíríà láti ọdún 1997, ní ọdún 2020 ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ní Òkè-Àrọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọgbà ìsìn ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan wà. Ìran ẹlẹ́dẹ̀ tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá gbá lọ tán kò ṣeé rà lọ́jà. Àfi bí ẹyin, àtọ̀ tàbí ọlẹ̀ rẹ̀ bá wà nípamọ́ nínú òtútù, tí ẹni tó mọ bí a ṣe ń lò wọ́n sì wà.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1951, M. C. Chang ní Amẹ́ríkà àti C. R. Austin ní Ọsirélíà ṣàwárí, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, pé àtọ̀ àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú kò lè wọ inú ẹyin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti jáde lára akọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo wákàtí mélòó kan nínú ara abo, kí awọ orí rẹ̀ yí padà, kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìwárí yìí ló la ọ̀nà fún gbogbo IVF tó wá lẹ́yìn. Ní 1959, Chang fi ehoro ṣe é, àwọn ọmọ ehoro sì bí.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Ní 1978, ọdún kan náà tí wọ́n bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ọmọ ènìyàn àkọ́kọ́ tí a bí nípasẹ̀ IVF, ni Iritani, Niwa àti Imai ní Jàpáànì fi hàn pé àtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lè wọ inú ẹyin tí a mú gbó nínú àwo. Wíwọlé lásán ni o, kò sí ọmọ tó tibẹ̀ jáde. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni Cheng, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge, rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ nípasẹ̀ IVF, ṣùgbọ́n inú ara abo ni àwọn ẹyin tí ó lò ti gbó. Ní 1989 ni Mattioli àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wá rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ láti inú ẹyin tó gbó nínú àwo, tó sì gba àtọ̀ nínú àwo.

Ohun kan ló dí àwọn aṣáájú wọ̀nyí lọ́wọ́ tí ẹni tó ń ka ìtàn lè fojú fò dá. Bí àtọ̀ bá ti wọlé, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú kí àwọn krómósómù inú rẹ̀ lè tẹ́ sílẹ̀ láti bá ti ẹyin pàdé. Nínú ẹyin tí a mú gbó nínú àwo, orí àtọ̀ kì í sábà tú, á kàn wà níbẹ̀ ní dídì. Ẹyin náà ti gbó lójú, kò gbó nínú. Ohun tó ṣaláìní ni glutathione, èròjà tí ẹyin ń kó jọ nígbà tó bá ń gbó. Ní nǹkan bí 1993, Yoshida àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì fi hàn pé bí a bá fi cysteine, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe glutathione, kún omi tí ẹyin wà nínú rẹ̀, orí àtọ̀ yóò tú dáadáa. Àtúnṣe kékeré ni, owó tó ná wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni cysteine ti di ara omi tí a fi ń mú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ gbó.

Láti odò ẹran dé inú àwo

Odò ẹran ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń gba ilé-ẹyin àwọn abo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, wọn a gbé e lọ sí yàrá ìwádìí nínú omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa omi inú àwọn àpò kéékèèké tó wà lára rẹ̀, àwọn tí ìbú wọn jẹ́ mìlímítà 3 sí 6. Inú omi yìí ni ẹyin wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní sì wé mọ́ ọn bí òwú ṣe ń wé mọ́ kóró rẹ̀. Èyí tí òwú náà bá ti ṣí kúrò lára rẹ̀ kì í wúlò, wọn a yọ ọ́ sọnù.

Ọ̀pọ̀ abo tí wọ́n ń pa fún ẹran ni kò tíì bàlágà. Ẹyin wọn kò sì lágbára tó ti abo tó ti bímọ rí. Àléébù yìí ti ń bá iṣẹ́ náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọjà ẹran ló ń pinnu ọjọ́ orí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dé odò ẹran, olùwádìí kò ní ohùn níbẹ̀.

Ẹyin náà yóò lo nǹkan bí wákàtí 42 sí 44 nínú ẹ̀rọ amóoru, ní 38.5 tàbí 39 °C, kí ó tó gbó. Ní ìdajì àkọ́kọ́ wọ́n á fi họ́mọ́ọ̀nù sí i, ní ìdajì kejì wọ́n á gbé e sínú omi tí kò ní họ́mọ́ọ̀nù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn ẹyin náà kì í gbó pọ̀. Bí àwọn kan ti ń dúró de àtọ̀ ni àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀ lọ́nà, àwọn tó tètè gbó á sì ti máa dàgbà jù. Ní 1997, Funahashi, Cantley àti Day ní Yunifásítì Missouri lo èròjà kan, dibutyryl cAMP, láti dá gbogbo ẹyin dúró sí ojú kan náà fún nǹkan bí ogún wákàtí. Nígbà tí wọ́n yọ èròjà náà kúrò, àwọn ẹyin náà gbéra pọ̀.

Láti Missouri kan náà ni àtúnṣe mìíràn ti wá ní 2017. Yuan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi pùrótéènì mẹ́ta, FGF2, LIF àti IGF1, kún omi tí ẹyin ń gbó nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì bí òwú tó yí ẹyin ká tú dáadáa, ẹyin púpọ̀ sí i gbó, ìròyìn wọn sì sọ pé iye ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ onájíìnì-àtúnṣe tí wọ́n rí di ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ẹyin kan náà ni, láti ara irú abo kan náà.

Àtọ̀ púpọ̀, ẹyin kan

Akọ ẹlẹ́dẹ̀ máa ń da àtọ̀ tó tó mìlílítà 200 sí 300 lẹ́ẹ̀kan, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Nínú ara abo, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ń ṣègbé lọ́nà. Ìwọ̀nba tó bá dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà-ẹyin, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wá sí ilé-ọmọ, á lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n á máa já kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àsìkò ẹyin bá ti tó. Nípa báyìí, àtọ̀ díẹ̀ gan-an ló ń bá ẹyin pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹyọ kan bá ti wọlé, ẹyin á tú ohun tó wà nínú àwọn àpò tíntìntín tó tò sí abẹ́ awọ rẹ̀ síta. Ohun tó tú jáde yìí á yí awọ òde tí wọ́n ń pè ní zona pellucida padà, ilẹ̀kùn á sì tì mọ́ àwọn tó kù.

Nínú àwo, kò sí ọ̀nà tóóró, kò sí ògiri tí àtọ̀ yóò lẹ̀ mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ń rọ́ bo ẹyin kan lójijì, ilẹ̀kùn náà kì í sì í tètè tì. Lọ́pọ̀ yàrá ìwádìí, ó ju ìdajì àwọn ẹyin tó gba àtọ̀ lọ tí àtọ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń wà nínú wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ni pé kí a dín àtọ̀ kù. Bí a bá dín in kù, ẹyin tí àtọ̀ púpọ̀ wọ̀ yóò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyin tí àtọ̀ kankan kò wọ̀ yóò pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí a bá ní ẹyin 100 tí a sì fi àtọ̀ púpọ̀ sí i, kí á sọ pé 90 gba àtọ̀, ṣùgbọ́n 30 péré nínú wọn ló gba ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá dín àtọ̀ kù, 40 lè gba àtọ̀, kí 28 nínú wọn sì gba ẹyọ kan. Ìdá tó dára nínú èyí tó gba àtọ̀ ti fò sókè láti 33 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ẹyin tó wúlò ti dín ní méjì. Nítorí èyí ni ẹni tó bá ń ka ìròyìn ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fi gbọ́dọ̀ wo iye méjèèjì pọ̀. Ìdá kan ṣoṣo tó dùn ún gbọ́ lè tan ènìyàn jẹ.

Kaféènì, èyí tó wà nínú obì àti kọfí, wà lára ohun tí wọ́n ti ń fi sínú omi ìdàpọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó máa ń mú àtọ̀ jí pépé, ẹyin tó gba àtọ̀ á sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ran èyí lọ́wọ́ ni ó ń dá kún ti àtọ̀ púpọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ni wọ́n ń lò ó.

Ọgbọ́n tó yani lẹ́nu jù, nítorí bó ṣe rọrùn tó, ni ti Grupen àti Nottle ní Ọsirélíà ní ọdún 2000. Dípò kí ẹyin àti àtọ̀ jọ wà pọ̀ fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹyin lọ sínú omi mìíràn tí kò sí àtọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àtọ̀ díẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ awọ ẹyin náà ló parí iṣẹ́, àwọn tó ń wẹ̀ kiri kò bá wọn débẹ̀. Àwọn mìíràn gbìyànjú láti ya àwòrán ọ̀nà-ẹyin fúnra rẹ̀: ní 2005, Clark àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà to ẹyin sínú ihò tíntìntín kan tí àtọ̀ ní láti ṣàn kọjá lára wọn, ẹyin tí àtọ̀ púpọ̀ wọ̀ sì dín kù. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò béèrè ẹ̀rọ kankan.

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí gbà pé àtọ̀ ni ẹlẹ́bi. Ní 2008 ni Coy àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Murcia, ilẹ̀ Spéènì, fi hàn pé ẹyin náà ní tirẹ̀. Bí ẹyin ṣe ń kọjá nínú ọ̀nà-ẹyin, pùrótéènì kan tó wà nínú omi ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ zona pellucida, àwọn èròjà bíi heparin sì ń dì í mú, èyí á mú kí awọ náà le kí àtọ̀ tó dé rárá. Ẹyin tí a fà jáde láti inú ilé-ẹyin pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kò gba ọ̀nà yìí kọjá rí. Ìhòòhò ló wọ inú àwo. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹyin sínú omi ọ̀nà-ẹyin kí wọ́n tó fi àtọ̀ sí i, àtọ̀ tó ń wọlé lápọ̀jù dín kù. Lójú ẹni tó kọ àyọkà yìí, ìwárí yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà jù lọ, nítorí pé ó mú ojú kúrò lára kíka àtọ̀, ó gbé e sára ohun tí ara abo ń ṣe fún ẹyin kí ìdàpọ̀ tó wáyé.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo ni pé ojú lásán kò lè dá ọlẹ̀ búburú mọ̀. Ẹyin tí àtọ̀ méjì wọ̀ lè pín sí méjì, sí mẹ́rin, kí ó tilẹ̀ dé ọjọ́ kẹfà, kí ó sì dára bíi ti ẹlòmíràn lábẹ́ máíkíróskóòpù. Krómósómù inú rẹ̀ ni kò pé bó ṣe yẹ. Inú abo tí a gbé e sí ni yóò ti kú, lẹ́yìn tí owó àti làálàá ti lọ.

Omi tí ọlẹ̀ ń gbé inú rẹ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwo máa ń dúró bó bá ti pín sí sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Ipele yìí gan-an ni jíìnì ọlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí di ìgbà náà, ohun tí ìyá kó sínú ẹyin ló ń jẹ. Bí omi tó yí i ká kò bá bá a lára mu, kò ní lè kọjá níbẹ̀.

Ní 1993, Petters àti Wells ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina gbé omi kan jáde tí wọ́n pè ní NCSU-23, tó ní taurine àti hypotaurine, ọlẹ̀ púpọ̀ sì là á já. Ní 2002, Yoshioka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì gbé PZM jáde. Wọ́n fara wé omi inú ọ̀nà-ẹyin ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì rí ọmọ bí láti inú oríṣi rẹ̀ kan tí kò ní pùrótéènì ẹranko kankan. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé pùrótéènì tí a fà láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù kì í rí bákan náà láti ìgò kan sí èkejì, ó sì lè gbé kòkòrò àrùn wá.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Murcia gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2017, Canovas àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi tí wọ́n gbà láti inú ọ̀nà-ẹyin àti ilé-ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kún omi inú àwo. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọlẹ̀ náà wò, àmì tó wà lára DNA wọn, tó ń pinnu jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ní ṣiṣẹ́, sún mọ́ ti ọlẹ̀ inú ara abo ju ti àwọn tí a kò fi omi yìí tọ́ lọ. Ìjiyàn tó wà láàárín ìhà méjèèjì, omi tí a mọ gbogbo ohun inú rẹ̀ àti omi tó ti ara ẹran wá, kò tíì parí.

Ọ̀rá àti òtútù

Ọ̀rá tó mú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ dúdú ló mú kí òtútù máa pa á. Ọlẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣì kéré kì í fara da òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ 15 °C, débi tí a ó fi sọ ọ́ sínú náítírójìn olómi. Ní 1995, Nagashima àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé bí a bá yọ ọ̀rá náà kúrò, ọlẹ̀ lè fara dà á. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù púpọ̀ ni, kò sì ṣeé ṣe fún ẹyin ẹgbẹ̀rún. Ní 2014, Somfai àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì fi ìyára dídì gíga pa ẹyin tí kò tíì gbó mọ́ láìyọ ọ̀rá rẹ̀, wọ́n mú un gbó lẹ́yìn tí ó yọ́, wọ́n sì rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ bí. Àtọ̀ akọ ẹlẹ́dẹ̀ náà kì í fẹ́ òtútù. Nǹkan bí 17 °C ni àwọn agbẹ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ìlò ojoojúmọ́.

Gbígbé ọlẹ̀ sínú abo

Abo tí yóò gba ọlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ipele kan náà pẹ̀lú ọlẹ̀ náà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà ń ṣe, nítorí ilé-ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ìwo méjì tó gùn, tó sì lọ́. Àwọn ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè dé inú ìwo náà láìla ara abo ti wà báyìí. Ohun kan tún yà ẹlẹ́dẹ̀ sọ́tọ̀: ní 1966, Polge, Rowson àti Chang fi hàn pé bí ọlẹ̀ tó wà nínú ilé-ọmọ kò bá tó mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, oyún náà kì í sábà dúró. Ọlẹ̀ kan tó dára kò tó, nítorí náà wọ́n máa ń kó púpọ̀ sínú abo kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlò rẹ̀ lónìí

Ní 2014, Whitworth àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Missouri fi CRISPR yí jíìnì padà nínú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àtọ̀ nínú àwo. Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tí wọ́n dojú kọ ni CD163, tó dà bí ilẹ̀kùn tí kòkòrò àrùn PRRS ń gbà wọ ara ẹlẹ́dẹ̀. Àrùn yìí máa ń ba oyún jẹ́, ó sì ń dí èémí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Ní 2016 ni wọ́n fi hàn pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí kò ní CD163 kò kó àrùn náà nígbà tí wọ́n fi kòkòrò rẹ̀ sí wọn lára. Ní ọdún 2016 kan náà, Tanihara àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tokushima fi iná mànàmáná ṣí awọ ẹyin tó ti gba àtọ̀ kí CRISPR lè wọlé láìlo abẹ́rẹ́, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe ẹyin púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti ara wọn gba ọkàn tí wọ́n gbìn sí ara ènìyàn ní Yunifásítì Maryland ní oṣù kìíní ọdún 2022, àti kíndìnrín tí wọ́n gbìn ní Massachusetts General Hospital ní oṣù kẹta ọdún 2024, kì í ṣe ọmọ IVF. Ọ̀nà ìṣẹ̀dà, ìyẹn gbígbé kókó sẹ́ẹ̀lì ara sínú ẹyin tí a ti yọ kókó tirẹ̀ kúrò, ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀nà náà ń lò pẹ̀lú, èyí tí a sì sábà máa ń mú gbó nínú àwo gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé lókè ni.